Nọ́ńbà Tó Jò Kúrò Lórí Mi

Nọ́ńbà ìwọ̀n aṣọ mẹ́rin tí àǹtí ibi iṣẹ́ wa pè fún mi lọ́jọ́ náà tọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete. Kì í ṣe pé wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ ń pariwo nígbà náà. Mo gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dáhùn pé ó ti wọlé, mo yí padà sí tábìlì, kí n sì tó gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti lọ. Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Dípò kí n béèrè, mo fi èyí tó wá sí mi lọ́kàn dí àlàfo rẹ̀. Nígbà tó wá di pé ká wádìí ẹni tó ba aṣọ jẹ́, mo ní àǹtí ni. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ etí mi kó máa káàánú mi kó tó mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Ìsọlọ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ọjà Aswani. Aṣọ ilé ìwé là ń rán níbẹ̀. A kì í rán ti ọmọ kan ṣoṣo. Ti odidi ilé ìwé là ń gbà. A máa ń tẹ́ aṣọ lé ara wọn lórí tábìlì gígùn, ìpele ogún, nígbà mìíràn ìpele ọgbọ̀n. Èmi á fi ṣọ́ọ̀kì ya èyí tó wà lókè pátápátá, màá wá fi ẹ̀rọ ìgéṣọ la gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ọbẹ ẹ̀rọ yẹn rí róbótó, ó sì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Tó bá ti wọnú aṣọ, ó parí. Àṣìṣe kan lókè, ọgbọ̀n àṣìṣe ló wà nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ àǹtí ni láti pe nọ́ńbà. Wọn kì í ṣe télọ̀. Wọ́n kàwé jù wá lọ, ohùn wọn dá ṣáká, ọwọ́ wọn sì dára nínú ìwé. Wọ́n á dúró ní igun tábìlì pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n ilé ìwé kọ̀ọ̀kan sí, wọ́n á pe mẹ́rin pọ̀: èjìká, àyà, apá, gígùn. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pè é torí ó yá lẹ́nu. Èmi ni mò ń fi Yorùbá kọ ọ́ síbí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é. Agéṣọ á dáhùn pé, "Ó wọlé," á sì lọ máa yà á. Kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ iṣẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ ọ̀gá tiwọn ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì gbà pé agéṣọ tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣì ń pọ̀n sẹ́yìn ni. Tí agéṣọ bá padà wá béèrè, gbogbo ilé á hó lé e pé, "Ó jò!" Wọ́n á mú ègé aṣọ tó ṣẹ́kù nílẹ̀, wọ́n á fi dì í lórí gírígírí, bí ẹni ń di ìkòkò tó sán, kò sì ní tú u títí a ó fi ṣíwọ́. Tí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ ẹni tó ń lẹ ìkòkò tó jò lágbègbè yín?"

Mo fẹ́ràn àṣà yẹn nígbà tí kò tíì kàn mí. Èmi gan-an ti bá wọn di orí ẹlòmíràn rí, tí mo fi gbogbo agbára fà á. Fún bí ọdún méjì tí mo fi wà nídìí tábìlì, orí tèmi ò jò. Mi ò kàwé lọ títí. Kíláàsì kẹta ni mo ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì, nígbà tí bàbá mi kú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní ìwé ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ wa tí wọn ò lè gbé nọ́ńbà mẹ́rin rin ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Àǹtí ló sì gbé mi débẹ̀. Ìdí áyọ́ọ̀nù ni mo wà tẹ́lẹ̀, mò ń lọ àwọn aṣọ tí wọ́n ti rán tán. Ìgbà kan ni wọ́n fi mí ṣeré, wọ́n bi mí ní nọ́ńbà tí wọ́n pè fún agéṣọ àtijọ́ lánàá, mo kà á padà fún wọn láìṣẹ́jú. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n ní kí wọ́n gbé mi sídìí tábìlì, pé tí mo bá ba aṣọ jẹ́ kí wọ́n bi àwọn. Orúkọ tiwọn ni wọ́n fi dúró fún mi.

Ibi tí mo máa ń dúró gé aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni fèrèsé wà, jẹnẹrétọ̀ obìnrin tó ń ta yìnyín sì wà nísàlẹ̀ fèrèsé yẹn. Èéfín rẹ̀ á wọlé, ariwo rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìgéṣọ wà ní ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún mi. Kí n má baà gbọ́ méjèèjì, mo ra íàpíìsì, mo ń tì í bọ etí tí wọ́n bá ti pe nọ́ńbà tán, mo sì ń gbé orin sókè títí yóò fi borí wọn. Ariwo ni mo fi ń lé ariwo. Àǹtí nìkan ló bá mi wí. Wọ́n ní, "Orin tí mò ń gbọ́ láti ìdí tábìlì níbí, inú orí rẹ ló ń wọ̀ lọ o." Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo rò pé etí dà bí bàtà, pé ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ pẹ́ nìkan ló ń gbó mọ́ lẹ́sẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, a ṣíwọ́, obìnrin oníyìnyín pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Mo yọ íàpíìsì. Ohùn kan ṣẹ́kù. Ó ń dún wíí, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, lápá ọ̀tún. Mo bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí ni wọn ò tíì pa. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo lọ yọjú lójú fèrèsé, mo wo ilẹ̀, mo wo òkè. Mo délé, ó bá mi délé. Mo jí, ó ti jí ṣáájú mi.

Nílé wa ní Òṣòdì, màmá mi kọ́kọ́ sọ pé ẹnì kan ló ń dárúkọ mi níbì kan. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ìdọ̀tí ló dí i, wọ́n gbé àdí kaná, wọ́n fi òwú kán an sí mi létí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Àdí tó ti pẹ́ nínú ìgò ni. Ó gbóná wọlé, ó tutù jáde, ó ń ṣàn lọ sọ́rùn mi bí itọ́ ẹran. Ìrọ̀rí mi dúdú, ó ń rùn, eṣinṣin wá bá a lọ́sàn-án gangan. Mo wá fi ìdérí báírò wa inú etí náà nítorí ó ń yún mi, ohun tó bá ìdérí yẹn jáde jẹ́ àdàlù àdí àti ẹ̀jẹ̀ àti nǹkan rúsúrúsú kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi gbóòórùn rẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú, ó kọjú síta títí a fi dé Ìsọlọ̀. Mi ò bínú sí i. Èmi gan-an ì bá sọ̀ kalẹ̀ fún ara mi tó bá ṣeé ṣe.

Ohùn náà kò lọ. Nǹkan mìíràn ló ń lọ. Mo máa ń ka ìwé tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi. Mo wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ síbòmíràn, mo sì rí i pé ibòmíràn ló ń lọ, mo jókòó síbẹ̀ ṣáá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ń ka Àdúrà Olúwa, mo dé àárín, mi ò mọ èyí tó kàn, mo ń mi ẹnu lásán. Oorun mi kò já geere mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò so wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, etí híhó, ti àwọn àgbàlagbà ni. Orí gbígbàgbé, ti àwọn àgbàlagbà náà ni. Mi ò rò pé ọ̀kan lè máa jẹ ìkejì lára ọ̀dọ́.

Orí mi kọ́kọ́ jò ní ọjọ́ kan tí a ń gé ṣòkòtò. Mo dáhùn pé ó wọlé, mo dé ìdí aṣọ, méjì péré ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi. Mo padà lọ béèrè. Ilé hó. Ẹni tí mo ti di orí rẹ̀ rí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó mú ègé aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan, ó ní, "Ọ̀gá agéṣọ, ẹ tẹríba." Wọ́n dì í, wọ́n fi kókó rẹ̀ sí iwájú orí bí ìyàwó tuntun. Inú aṣọ yẹn, ohùn náà tún le sí i, bí ẹni pé wọ́n tì í mọ́lé pẹ̀lú mi. Mo ń rẹ́rìn-ín bá wọn. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ṣíwọ́, wọ́n bi mí nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi le. Wọ́n ní tó bá ń ṣe mí bákan kí n sọ fún àwọn, àwọn á máa tún un pè fún mi ní jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo tún ní ara mi le. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n fún mi nìyẹn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ni, mo dà á nù.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní béèrè mọ́. Nọ́ńbà tó bá lọ, màá méfò rẹ̀. Ìwọ̀n àwọn ilé ìwé kì í jìnnà síra, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń mú un. Èyí tí mi ò bá mú gẹ́lẹ́, àwọn télọ̀ á fi ìránṣọ gbà á mọ́ra. Wọ́n ní mo ti padà bọ̀ sípò. Ọ̀gá gbá mi léjìká.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ́ kan. Aṣọ àwọn ọmọbìnrin àgbà ni, aláwọ̀ ewé, tí ilé ìwé náà dìídì lọ mú wá fúnra wọn, tí kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Aswani. Ìpele ọgbọ̀n. Àǹtí pè é: èjìká mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyà mẹ́rìndínlógójì, apá mẹ́sàn-án, gígùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo lè kọ ọ́ báyìí nítorí mo ti rí i nínú ìwé lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ náà, mo ní ó wọlé. Mo dé ìdí aṣọ, èjìká wà, apá wà, gígùn wà. Ibi tó yẹ kí àyà wà, wíí ni mò ń gbọ́. Àǹtí ṣì dúró níbi tí wọ́n wà, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, ìwé ṣì ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń wò mí. Mo rò pé wọ́n ń retí kí n béèrè. Mo rántí pé ilé ìwé tí a ṣe kọjá, àyà wọn jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ya méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé ni ọ̀gá wá. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn. Wọ́n fi téèpù wọn àyà aṣọ tí a gé, wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n gbé òmíràn láti ìsàlẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí àǹtí mú ìwé wá, wọ́n kà á. Wọ́n wá ní, "Ìwé tọ́. Aṣọ ò tọ́. Láàárín ìwé àti aṣọ, ẹnu kan àti orí kan ló wà níbẹ̀. Èwo ni?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n pè ni mo gé, sà."

"Kí ni wọ́n pè?"

"Méjìlélọ́gbọ̀n, sà."

Àǹtí kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó gbọ́ tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Wọn ò bínú. Wọ́n rò pé ó ṣì mí lẹ́nu ni. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa. Ẹnì kan láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wá ní ṣebí orí mi ti jò lọ́jọ́sí, àwọn kan sì fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo rí ìdí áyọ́ọ̀nù níwájú mi, mo rí aṣọ lórí mi lójoojúmọ́. Mo wá sọ èyí tó burú ju irọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ àǹtí ní ibà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi nìkan ni wọ́n sọ ọ́ fún. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní, "Ọmọ wọn ò yá, sà. Wọn ò rí oorun sùn. Ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n."

Tí mo bá rántí irọ́ yẹn, ojú máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí bí mo ṣe rẹ ohùn sílẹ̀, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń bá wọn bẹ̀bẹ̀, màá tutọ́ sílẹ̀. 

Àǹtí ní, "Èmi ni mo sọ ìyẹn fún ẹ." 

Ọ̀gá gbé téèpù padà sọ́rùn. Agéṣọ ṣòro láti rí. Ẹni tó lè ka ìwé sókè pọ̀ ní Ìsọlọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn, torí ohun tí mo gbójú lé nìyẹn. Wọ́n sọ fún àǹtí pé kí wọ́n lọ tọ́jú ọmọ wọn ná, pé tó bá yá àwọn á ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àǹtí pa ìwé dé, wọ́n gbé e lé orí tábìlì, wọ́n mú báàgì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Sátidé ni wọ́n máa ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún gbogbo wa nínú kúlà funfun kan. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Nígbà tí ebi pa wá lọ́sàn-án, a ṣí i. Ó ṣì gbóná. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó kọ̀. Èmi jẹ méjì. Ó dùn, ẹyin wà nínú rẹ̀, mo sì fi ìka fá èyí tó lẹ̀ mọ́ ewé. Obìnrin tí mo lé lọ, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tó jí se mọ́ínmọ́ín fún wa, mo lá ewé rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ó ṣe wọ́n láàánú, pé ènìyàn dáadáa ni àǹtí, wọ́n sì ń jẹ lọ, epo ń tàn létè wọn. Mo wo gbogbo wa, mo rí i pé a rí bí ajá tó ń jẹ ohun tí wọ́n gbàgbé síta. Ẹnì kan gbé kúlà náà lọ sílé. Kò sí ẹni tó béèrè.

Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà. Etí mi ń hó sí i. Nígbà tí mo gbàgbé nọ́ńbà méjì nínú mẹ́rin, tí mo méfò méjèèjì, tí Ọlọ́run sì ṣe é tó bọ́ sí i, ẹ̀rù bà mí, mo lọ sí ilé ìwòsàn kan. Mo jókòó sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀. Obìnrin kan ń rán ohùn wẹ́wẹ́ sí mi létí, èmi á gbé ọwọ́ sókè tí mo bá gbọ́. Ó kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí àdí jáde, ó wò ó, ó wò mí, ó ní kí n má ṣe é mọ́. Nígbà tó parí, ó ní etí mi ń gbọ́ dáadáa. Inú bí mi. Mo ní ṣé irọ́ ni mò ń pa ni? Ẹnu mi ló sọ ọ́, etí mi sì gbọ́ ọ.

Ó ní kì í ṣe irọ́. Ó ní ènìyàn lè máa gbọ́ràn dáadáa kí etí rẹ̀ sì máa hó, àti pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ òun nítorí rẹ̀ kò kéré. Ó wá ka nọ́ńbà fún mi, ó ní kí n kà á padà. Mo ka mẹ́rin. Ó ní kí n kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Mo kùnà ní mẹ́ta. Èmi, tí mo máa ń ka ti àná. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Ó ní orí ń gbìyànjú láti má ṣe dá ohùn náà lóhùn, ìgbìyànjú yẹn sì jẹ́ iṣẹ́. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn, tó fẹ́ fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù gbé ẹrù. Ó ní kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó ní àwọn kan wà tí etí wọn ń hó tí orí wọn sì pé ṣánṣán, àti pé àìsùn àti ìbẹ̀rù wà nínú tèmi, òun ò lè fi gbogbo rẹ̀ sọ́rùn etí. Ó ní kí n ju íàpíìsì nù, kí n wá nǹkan bo etí tí mo bá ń gé aṣọ, kí n gbìyànjú láti sùn.

Mo sọ ti iṣẹ́ wa fún un, nọ́ńbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò sọ ti àǹtí. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí o kì í fi kọ ọ́ sílẹ̀?"

 Ohun tí mo bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ni kó sọ fún mi pé àìsàn ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ó sọ èyí tó jẹ́ ti àìsàn, ó sì fi èyí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún mi.

Mo ra ìwé kékeré kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yọ ọ́ nídìí tábìlì, wọ́n pariwo, wọ́n ní agéṣọ ti di akọ̀wé, wọ́n bi mí bóyá màá máa wọ táì. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti sú wọn. Ọ̀gá wo ìwé náà, wọ́n kùn, wọ́n kọjá. Gbogbo ohun tí mo bẹ̀rù kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Nítorí ẹ̀rín ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe ta ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ dúró fún mi.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó máa ń lọ ra bọ́tìnnì fún wa ní Aswani ló sọ fún mi pé Ṣógúnlé ni àǹtí wà báyìí. Ó ní wọ́n ti kọ́kọ́ wá iṣẹ́ sí ilé ìránṣọ méjì kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn; wọ́n ní èyí tó máa ń pe nọ́ńbà sódì nìyẹn. Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé kan tí a tètè ṣíwọ́. Ṣọ́ọ̀bù afọṣọ kékeré kan ni, inú ooru, inú òórùn ọṣẹ. Àǹtí wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tómi wà. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ yẹn tutù. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, etí, àdí, obìnrin ilé ìwòsàn, ìwé kékeré. Wọn ò dá mi dúró, wọn ò sì dá iṣẹ́ dúró. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n lọ̀ tán kí n tó parí.

Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì ń hó?"

Mo ní, "Ó ń hó, mà. Ó ti dín kù díẹ̀."

"Ò ń sùn?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

Wọ́n mi orí. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ etí ni mo ti fi ṣáájú, pé mo tún ti fẹ́ kí wọ́n káàánú mi. Àwọn náà rí i. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró, wọ́n ní, "Etí rẹ kọ́ ló sọ méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú mọ́. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bínú. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ kí n fi ẹ̀bẹ̀ yìí ṣe? Èmi mọ ohun tí mo pè. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kò mọ̀. Ojú wọn lo ti sọ ọ́, ojú wọn ni kó o ti lọ kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ."

Mo ní láàárọ̀ Mọ́ńdè ni màá sọ ọ́. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n mú ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wa pé. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá gbé ìwọ̀n ilé ìwé tuntun kan wá, wọ́n sì sọ fún ẹni tó ń pe nọ́ńbà báyìí pé láti ìgbà tí ó ti dé, aṣọ kankan ò bàjẹ́ mọ́, pé ìyàtọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ẹni ìṣáájú. Wọ́n wo ojú mi pé kí n jẹ́rìí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mọ́ńdè yẹn ti kọjá, àwọn mìíràn ti tẹ̀ lé e. Mi ò tíì padà sí Ṣógúnlé, torí mi ò mọ ojú tí màá gbé débẹ̀. Ọ̀gá wà, àwọn tó gbọ́ irọ́ mi ṣì wà nídìí ẹ̀rọ wọn, kò sí ẹni tó kúrò. Gbólóhùn kan péré ni: àǹtí pè é bó ṣe wà nínú ìwé, èmi ni mo gbàgbé, èmi ni mo sì purọ́ mọ́ wọn. Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ka ìwé yìí. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, irọ́. Mo ṣì jẹ àǹtí ní èkejì, òótọ́.